Ọ̀NÀ LÁTI ÌHÍN
Ọ̀rọ̀ nípa bí ojú-ìwé ayélujára ti ńtọ́ka sí ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀

A mọ̀ pé àwọn kan nínú nyín ti mbèèrè lọ́kàn wọn pé kíni ó kan àlùfáà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè náà tọ́. Kì í ṣe ìfẹ́ láti fi ìmọ̀ hàn ni ó mú wa dìde, bíkòṣe àṣìṣe kan tí ó gba ohun tí owó kò lè rà padà lọ́wọ́ wa.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́hìn, ìjọ tí a ńṣe ìtọ́jú rẹ̀ pinnu láti kó ìtàn àwọn olóògbé rẹ̀ jọ: orúkọ olúkúlùkù, ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ṣe nínú ìjọ, àti àwòrán rẹ̀ kan. A fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn tí mbẹ ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà lè rí i lórí ayélujára. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ, ẹnití ó já fáfá, fi ara rẹ̀ jìn fún iṣẹ́ náà láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ẹbí kó àwòrán wá láti inú àpótí àti láti ara ògiri. Ó yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, a sì dá ti olúkúlùkù padà fún un. Nígbàtí ó parí, ó gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí ilé wa, ó ṣí ojú-ìwé náà, a sì tún rí ojú àwọn tí àwa fúnra wa ti sin. Aya wa sọkún. A gbàdúrà, a súre fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, a sì kéde ojú-ìwé náà fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e.

Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí ọ̀rọ̀ fi dé láti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ̀wé pé: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Bàbá. Mo rí orúkọ màmá wa, mo sì ka gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa wọn, ṣùgbọ́n àwòrán wọn kò jáde. Àpótí kékeré kan ni ó wà níbẹ̀, kò sì sí nkankan nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé fóònù mi ni kò dára ni, tàbí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìà ńrí i?"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìà ńrí i. Kò sí àwòrán kan ṣoṣo tí ó jáde, ìbáà ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa gan-an. A ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ẹnití ó ti gbéra lọ sí ìpínlẹ̀ tí a pín in sí fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ó fèsì pé, lórí kọ̀ǹpútà ti òun, gbogbo rẹ̀ pé. Òtítọ́ ni ó sọ, nínú òtítọ́ náà gan-an ni àṣìṣe sì wà.

Kí ó lè yé wa, a ní láti mọ̀ pé ojú-ìwé ayélujára kò rí bí ojú-ewé ìwé tí a tẹ̀. Nínú ìwé tí a tẹ̀, ọ̀rọ̀ àti àwòrán jọ wà lórí bébà kan náà. Ẹnití ó gbé ìwé ti gbé méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì ojú-ìwé ayélujára, ọ̀rọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí àwòrán wà, ìtọ́ka ni a sábà máa ńkọ: lọ sí ibi báyìí, ìwọ ó bá àwòrán kan níbẹ̀, mú un wá. Ohun-èlò tí a fi ńwo ojú-ìwé, èyítí nwọ́n ńpè ní búráúsà, ni ìránṣẹ́ tí ńjẹ́ iṣẹ́ yìí. Ìránṣẹ́ náà yára, kì í sì í ṣàárẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi orí ara rẹ̀ ro ohunkóhun. Bí a bá rán an sí ilé kẹta, kì yóò yà bèèrè ní ilé kẹrin. Bí ó bá dé ibẹ̀ tí kò bá nkan, yóò padà lọ́wọ́ òfo. Àpótí kékeré tí arábìnrin wa rí nì sì ni àmì pé ó padà lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀nà méjì ni ènìà lè gbà tọ́ka sí ibìkan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé Ìṣe Àwọn Àpóstélì yóò rántí bí a ti rán Ananíà sí Sọ́ọ̀lù ní Dámásíkù: a dárúkọ ìgboro náà fún un, a dárúkọ onílé, a dárúkọ àlejò tí ó wọ̀ síbẹ̀ àti ìlú tí àlejò náà ti wá. Bákannáà ni nígbàtí Kọ̀nílíù ránṣẹ́ sí Jọ́pà: a sọ ìlú, a sọ onílé, a sọ iṣẹ́ onílé, àní a sọ pé ilé náà wà létí òkun. Àdírẹ́sì kíkún ni èyí. Láti ibikíbi tí ìránṣẹ́ bá ti gbéra, ibì kan náà ni yóò dé.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí gbogbo wa ńlò lójojúmọ́ láìfiyèsí i. Bí oníwàásù bá ti ka Jòhánù orí kẹta, tí ó sì wí pé, Ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ kẹrìndínlógún, kò sí ẹnití yóò bèèrè pé ẹsẹ kẹrìndínlógún inú ìwé wo. Ibi tí a ṣí ìwé sí ni ó fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikan bá wọlé ní agbedeméjì ìwàásù, tí Bíbélì tirẹ̀ sì ṣí sí Jeremíà, ẹsẹ kẹrìndínlógún mìíràn ni yóò kà. (A ti rí ẹnití ó ka tirẹ̀ dé òpin kí ó tó mọ̀.) Èyí ni àwa ó máa pè ní ọ̀nà láti ìhín, nítorí pé kò ní ìtumọ̀ àfi bí a bá mọ ibi tí ẹnití ńlò ó dúró sí.

Nínú kọ̀ǹpútà, fáìlì a máa wà nínú fódà, fódà a sì máa wà nínú fódà mìíràn, bí yàrá ti wà nínú ilé tí ilé sì wà nínú agboolé. Irú ètò yìí ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie lò fún Unix, iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Nínú ìwé tí àwọn méjèèjì tẹ̀ jáde ní 1974, nwọ́n ṣàlàyé pé orúkọ méjì wà tí fódà kọ̀ọ̀kan kò lè ṣàìní: dọ́ọ̀tì kan (.) èyítí í ṣe fódà náà fúnra rẹ̀, àti dọ́ọ̀tì méjì (..) èyítí í ṣe fódà tí ó gbà á sínú. Ní 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ńṣiṣẹ́ ní CERN ní ẹ̀bá Geneva, mú àbá ohun tí ó di ayélujára wá. Ní oṣù kẹfà 1995 a tẹ ìlànà tí Roy Fielding kọ lórí ọ̀nà láti ìhín jáde; ní oṣù kìíní 2005, òun, Berners-Lee àti Larry Masinter tún un kọ sínú ìwé tí nwọ́n ńpè ní RFC 3986. Dọ́ọ̀tì kan àti dọ́ọ̀tì méjì inú Unix sì wà nínú rẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn. Fódà ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ńjẹ́ ijo. Ojú-ìwé àkọ́kọ́, index.html, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fódà mẹ́ta: itan, aworan, àti aso. Nínú itan ni a rí ojú-ìwé iya.html, nínú aworan ni a rí iya.jpg; nínú aso ni a rí oju.css, fáìlì tí ńsọ irú àwọ̀ àti irú lẹ́tà tí a ó fi wọ ojú-ìwé láṣọ. Bí a bá dúró ní index.html, ọ̀nà sí àwòrán ìyá ni:

aworan/iya.jpg

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, wọ yàrá aworan tí mbẹ níhín, kí o mú iya.jpg. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú itan/iya.html, ìránṣẹ́ wa yóò wá yàrá aworan nínú yàrá itan, kò sì sí irú rẹ̀ níbẹ̀. Láti ibẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀:

../aworan/iya.jpg

Dọ́ọ̀tì méjì pẹ̀lú sílááṣì jẹ́ ìjáde kan. Bí yàrá bá wà nínú yàrá, ìjáde méjì ni a ó kọ.

Bí búráúsà ti ńṣe ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro, ẹnití ó bá sì lè ṣe é lórí bébà kò ní máa méfò mọ́. Ó mú àdírẹ́sì kíkún ti ojú-ìwé tí ó dúró sí, ká wí pé:

https://www.example.org/ijo/itan/iya.html

Ó gé ohun gbogbo tí ó wà lẹ́hìn sílááṣì ìkẹhìn kúrò, ó kù ijo/itan/ lẹ́hìn orúkọ ilé. Ó so ọ̀nà wa mọ́ ọn: ijo/itan/../aworan/iya.jpg. Lẹ́hìn náà, níbikíbi tí ó bá rí dọ́ọ̀tì méjì, ó pa á rẹ́ pẹ̀lú orúkọ tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó kù:

https://www.example.org/ijo/aworan/iya.jpg

Bí a bá kọ ìjáde ju iye yàrá lọ, kì yóò bínú. Nígbàtí ó bá ti dé ẹnubodè, ó kàn fo èyí tí ó kù ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí gígé tí ó gé e nínú ìṣirò yìí, nítorí ó ti tan àwọn tí ó gbọ́n jù wá lọ. Bí àdírẹ́sì bá parí sí itan/ pẹ̀lú sílááṣì, inú yàrá itan ni a dúró sí. Bí ó bá parí sí itan láìsí sílááṣì, a ó gé itan fúnra rẹ̀ kúrò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni a dúró sí. Àmì kékeré kan ṣoṣo, gbogbo ọ̀nà inú ojú-ìwé náà sì ti yí padà.

Òmíràn tí ńrú ènìà lójú ni ti aṣọ. Bí a bá fẹ́ kí àwòrán agogo ìjọ wà lẹ́hìn ọ̀rọ̀ ní ojú-ìwé àkọ́kọ́, tí a sì kọ àṣẹ náà sínú aso/oju.css, níbo ni a ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn? Ọ̀pọ̀ yóò rò pé láti index.html, nítorí ibẹ̀ ni agogo yóò ti hàn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti inú yàrá aso ni, nítorí ibẹ̀ ni a gbé kọ àṣẹ náà. Nítorínáà ../aworan/agogo.jpg ni a ó kọ.

Irú kẹta wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sílááṣì: /aworan/iya.jpg. Ẹnubodè ni èyí ti ńbẹ̀rẹ̀, láìka yàrá tí a wà sí. Ó rọrùn, àwọn oníṣẹ́ púpọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni nwọn ó kọ sí ojú-ìwé gbogbo. Ní ti wa, a kò gbà á fún ìjọ kékeré. Bí a bá gba ilé fún ìjọ lónìí, tí ó sì di pé ní ọ̀la a ó fi í sí yàrá kan nínú ilé ẹlòmíràn, ẹnubodè ti yí padà, gbogbo ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sì ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ni bí a bá ṣí i láti inú kọ̀ǹpútà ara wa láìlo ayélujára, ẹnubodè tí ìránṣẹ́ yóò lọ ni ti ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà náà, kì í ṣe ti fódà ìjọ.

A lè padà nísisìyí sí ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Ohun tí ó kọ sínú ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ báyìí: file:///C:/Users, lẹ́hìn náà orúkọ rẹ̀, lẹ́hìn náà orúkọ fódà tí ó kó àwòrán sí. Àdírẹ́sì kíkún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì yàrá tirẹ̀ ni. Ó dàbí ẹnipé a kọ ọ́ sára ìwé ìkéde ìjọ pé Bíbélì ọ̀fẹ́ wà lábẹ́ ìrọ̀rí wa, kí olúkúlùkù lọ sí abẹ́ ìrọ̀rí kí ó mú tirẹ̀. Arábìnrin wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú fódà bẹ́ẹ̀. Bí ó tilẹ̀ ní i, búráúsà kì í gbà kí ojú-ìwé tí ó ti orí ayélujára wá máa ṣí àpótí inú ilé ẹni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó burú jù kì í ṣe pé àwòrán kò hàn. Nítorí pé ọ̀nà tí ó kọ ńmú àwòrán jáde láti inú yàrá rẹ̀, kò mọ̀ pé òun kò tíì kó àwòrán kankan lọ sí sáfà, èyíinì ni kọ̀ǹpútà tí ńtọ́jú ojú-ìwé náà fún gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ti kó lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà láti ìhín ni ó kọ, tí ó sì ṣí ojú-ìwé náà lórí fóònù ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbá ti rí i ní ọjọ́ náà. Kí ó tó rí àyè kó wọn lọ, omi òjò wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nínú ọkọ̀, kò sì ṣeé tún ṣe mọ́.

A tún lọ láti ilé dé ilé. Ojú tì wá. Àwọn ẹbí tún kó àwòrán wá, nwọn kò sì bá wa wí. Ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ọ̀kan láàrin ìgbà náà, òmíràn sì sọnù nígbàtí ẹbí náà ńkó kúrò nílé. Méjì ni kò padà.

Olùkọ́ obìnrin kan nínú ìjọ ni ó tún iṣẹ́ náà ṣe, àwa pẹ̀lú sì jókòó tì í láti kọ́. Gbogbo ọ̀nà ni ó kọ láti ìhín. Síbẹ̀ àwòrán kan tún kọ̀. Kámẹ́rà ti sọ ọ́ ní Iya.JPG, a sì ti kọ iya.jpg sínú ojú-ìwé. Lórí kọ̀ǹpútà Windows tí a lò, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lórí sáfà wa, tí ó jẹ́ ti Linux, lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ara kan náà. Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà kékeré nìkan ni a fi ńsọ fáìlì lórúkọ, a kì í sì í fi àlàfo sí i láàrin. Windows a sì tún máa lo sílááṣì tí ó kọ ẹ̀hìn sí ti àwọn ìyókù. Ìlò yìí ti bẹ̀rẹ̀ láti 1983 nígbàtí DOS kejì gba fódà, nítorí DOS ti àkọ́kọ́ ti lo sílááṣì fún iṣẹ́ mìíràn. Nínú ojú-ìwé ayélujára, èyí tí ó dà síwájú (/) nìkan ni kí a kọ.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn kan àwa Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. A fẹ́ sọ fódà ní orúkọ tí ó pé, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, nítorí a kì í fẹ́ kí èdè wa rìn ní ìhòhò. Ṣùgbọ́n ẹ wo lẹ́tà yìí, ẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́: ó lè mú ẹ kí ó fi àmì òkè lé e; ó lè mú é kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i; ó sì lè mú e lásán kí ó kó àmì méjèèjì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú wa, lẹ́tà kan ni. Lójú sáfà Linux tí ńka orúkọ fáìlì bí a ti kọ ọ́ gan-an, orúkọ mẹ́ta ni. Bí ẹ̀rọ kan bá kọ ọ̀kan sórí fáìlì, tí ẹ̀rọ mìíràn sì kọ òmíràn sínú ojú-ìwé, kò sí ojú tí yóò rí àṣìṣe náà. Nítorínáà ni a ṣe kọ itan àti aworan láìlámì. Kí gbogbo àmì wa pé nínú ọ̀rọ̀ tí ènìà ńkà; kí orúkọ fáìlì rìn bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé a kọ àdírẹ́sì kíkún sílẹ̀. Bí a bá ńtọ́ka sí ilé ẹlòmíràn, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ tiwa, tí ó wà nínú fódà kan pẹ̀lú wa, láti ìhín ni kí a ti tọ́ka sí i, kí gbogbo agboolé lè ṣí lọ lẹ́ẹ̀kan láìsí pé yàrá kan ṣìnà sí èkejì. A ti dán an wò. A da fódà ijo kọ sórí fíláàṣì, a gbé e fún àwọn àgbà tí kò ní ayélujára nílé, index.html ṣí, ojú gbogbo wọn sì hàn. Ibì kan ṣoṣo ni a ṣe àtúnṣe: níbi tí a ti kọ itan/ nìkan, a kọ itan/index.html, nítorí sáfà a máa mú index.html jáde fúnra rẹ̀ bí a bá pè é dé fódà, ṣùgbọ́n fíláàṣì kò ní ìránṣẹ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Nísisìyí, kí a tó kéde ohun tuntun kan, a ńgbé fódà náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò rí i rí, a sì ńṣí i níbẹ̀.

Ní ti àwọn méjì tí àwòrán wọn kò padà, ààyè wọn ṣì wà. Ẹnití ó bá ńkọ ojú-ìwé lè fi gbólóhùn kan ti ìtọ́ka kọ̀ọ̀kan, tí búráúsà yóò fi hàn bí kò bá rí àwòrán, tí a ó sì kà sókè fún afọ́jú. Sí ti àwọn méjèèjì, a kọ orúkọ wọn, a sì kọ ọ́ pé a ńwá àwòrán wọn. Ọ̀kan jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Èkejì ni ó máa ńlu agogo ìjọ. Nwọ́n ti wà nínú àwòrán ìgbéyàwó àti ti ìkórè pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú nyín. Bí ẹnikẹ́ni bá padà délé ní alẹ́ yìí tí ó wo inú àpótí rẹ̀, tí ó sì rí ọ̀kan nínú wọn, ìbáà ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kan àwòrán náà, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá sí ilé wa. A ó yà á lójú rẹ̀, a ó sì dá a padà fún un kí ó tó dìde.